Àkọlé Pupa tí Kò Tíì Dé

Òórùn ọ́kpà gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ilé ìwòsàn yẹn: ọ́kpà, mọ́ínmọ́ín àwọn ará Enugu, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé, tó ń rú èéfín lẹ́nu géètì, tí òórùn rẹ̀ ń wọlé wá bá òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibi tí òórùn méjèèjì ti ń pàdé gan-an ni wọ́n to àga àwọn àlejò sí, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ebi fi ń pa mí tí èébì tún ń gbé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Apá ọ̀nà Emene ni ilé ìwòsàn náà wà. Nígbà mìíràn ọkọ̀ òfurufú a máa fò kọjá lórí rẹ̀, gbogbo gíláàsì fèrèsé a sì gbọ̀n. Ọyẹ́ ọdún náà burú. Eruku pupa bo òrùlé, ó bo ewé igi, ó bo ìpéǹpéjú àwọn oníkẹ̀kẹ́, òkè tí a máa ń rí láti ibi púpọ̀ ní Enugu sì ti pòórá sínú rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi, èmi kì í ṣe ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já lásán, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ara mi ò ti balẹ̀.

Ìyá mi ló ṣubú. Ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ní Amechi ló ti yọ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, àwọn aládùúgbò ló sì gbé e dé ilé ìwòsàn kí n tó ti Ìbàdàn dé. Ìyá mi kì í ṣe àlejò ní Enugu o. Bàbá bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè, ló kó ìdílé wa débẹ̀ láyé òyìnbó. Ìyá mi fẹ́ bàbá mi, ó tẹ̀lé e wá láti Ọ̀yọ́, ó di olùkọ́ níbẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, a bẹ̀ ẹ́ títí pé kó padà sílé, ó ní ilé wo. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bó bá ń ná ọjà ní Gariki, èdè Ígbò ló fi ń ná an, àwọn ọlọ́jà a sì dín in fún un nítorí pé ẹnu rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ àdúrà, Yorùbá nìkan ni Ọlọ́run rẹ̀ gbọ́, àdúrà náà sì gùn. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àdúrà gbogbo ìyá ló gùn, ṣùgbọ́n ti ìyá mi yàtọ̀. Yóò dárúkọ ará ilé, yóò dárúkọ ará ìta, yóò bọ́ sọ́dọ̀ àwọn awakọ̀, yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn aboyún kọjá, yóò sì tún padà wá sọ́dọ̀ ará ilé bóyá ó gbàgbé ẹnì kan. Ìrẹsì a tutù lórí tábìlì. Bàbá mi a máa ṣe "Àmín" kí àkókò tó tó, kó lè fi dá a dúró; ìyá mi a la ojú kan, a wò ó, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti jà sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń sọ fún un pé gbólóhùn kan ṣáà ti tó, Ọlọ́run mọ ìyókù. Ohun tó máa ń fi dá mi lóhùn ni pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun kan tún wà nípa ìyá mi tí gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ bí a ṣe mọ orúkọ ara wa. Ara rẹ̀ kò gba pẹnisílíìnì. Nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún. Ìṣojú mi ni ètè rẹ̀ ṣe wú, tí èémí rẹ̀ ń há, tó ń fi èékánná họ àyà ara rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ilé ìwòsàn tí a ó wọ̀ tí a kò ní kọ́kọ́ sọ ọ́. Nítorí náà, bí mo ṣe dé, kí n tó béèrè omi, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ni mo gbà lọ.

Ọmọlúàbí ni ọmọbìnrin náà. Ó fetí sílẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ mi sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ní lẹ́tà pupa ni yóò máa hàn lókè ojú-ewé ìyá mi láti ìsinsìnyí lọ. Ilé ìwòsàn náà ti kó gbogbo fáìlì dànù. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo nǹkan wà, wọ́n sì ń yangàn nítorí rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n máa ń gún fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ojú ọgbẹ́ má baà kẹ̀. Ẹbí pẹnisílíìnì ni abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Ẹni tí ojú-ewé rẹ̀ bá ní àkọlé pupa nìkan ni wọ́n ń fún ní òmíràn. Mo ní mo fẹ́ fi ojú ara mi rí àkọlé pupa yẹn, a sì jọ dúró.

A dúró pẹ́. Fọ́tò ìyá mi jáde, orúkọ rẹ̀ jáde, ọjọ́ orí rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó tún jáde mọ́. Àmì róbótó kékeré kan ń yí, ó ń yí, nọ́ọ̀sì ń tún ọ̀já ìbàdí rẹ̀ ṣe, ó ń wo aago. "Aunty, na network," ló wí, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ohùn ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tó yá, lẹ́tà pupa náà yọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹ ni kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ohun tí mo rí yẹn kò sì jọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú mi. Fọ́tò ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tó wà lórí ojú-ewé yẹn, òun ló sì kọ́kọ́ dé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló bàjẹ́, ẹni tó ru ẹrù wúwo ló yẹ kó pẹ́ lọ́nà.

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin Ígbò ni, ó ga, ó ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Iléṣà, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju bó ṣe yọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí sí Enugu. Ó ní ó ti pẹ́ tí nǹkan náà ti ń falẹ̀, ó sì ń burú sí i ni. Wọ́n ti pààrọ̀ àwọn tó ń fún wọn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ó bi mí bóyá mo lè bá wọn wò ó níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó ṣe mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn nìyẹn, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé, tí fáànù ń kùn nínú rẹ̀ láìsinmi.

Ọkùnrin náà kò bínú pé wọ́n mú àlejò wá. Ó rí bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn pé ẹlòmíràn fẹ́ bá òun gbé ẹrù. Iṣẹ́ tiwa náà, bí ti dókítà ni. A kì í fúnni lóògùn láìbéèrè ibi tó ń dunni. Gbogbo ojú-ewé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ni wọ́n fi ń kó ara wọn jọ. Bí o bá ṣí i, yóò lọ bi ibi tí wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, tí àwa ń pè ní dátábéèsì, yóò sì dúró gba èsì. Mo ní kí dátábéèsì náà máa sọ fún wa gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi í àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ọkùnrin náà ṣí ojú-ewé aláìsàn kan ṣoṣo.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ẹni tó kọ ètò náà ṣe é bí ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀, tó lọ ra ata ní Gariki, tó gbé e délé, tó tún padà lọ ra iyọ̀, tó gbé e délé, tó tún padà lọ nítorí àlùbọ́sà. Gbogbo ìgbà tí aláìsàn ti wá rí, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Gbogbo oògùn tí wọ́n ti fún un rí, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí àkọsílẹ̀ kò tíì pọ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni ti àkọlé pupa, òun ló sì burú jù, nítorí pé wọn kò ṣe atọ́ka, bí irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, fún ibẹ̀. Kí ẹ̀rọ náà tó lè mọ ohun tí ara ẹnì kan kò gbà, ó ní láti ka ti gbogbo ènìyàn, láti orí aláìsàn tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn náà dé orí ẹni tí wọ́n gbà lónìí. Kò sì lè ṣe kó má máa falẹ̀ sí i, nítorí ojoojúmọ́ ni aláìsàn ń dé.

Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ìwòsàn rẹ̀ kò le, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fún mi ní ohun mímu. Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe òní, kì í sì í ṣe ọ̀la. Iṣẹ́ abẹ pọ̀ lọ́la, bí a bá sì tú ẹ̀rọ tó ń tiro palẹ̀ tí kò dìde mọ́ ńkọ́? Òótọ́ ló sọ, ohun tí èmi náà ì bá sọ nìyẹn. A dá a sí òpin ọ̀sẹ̀. Mo ti ń múra láti dìde nígbà tí mo rí ohun kan nínú ohun tí ẹ̀rọ náà ti kó pamọ́ sẹ́yìn, mo sì tún jókòó.

Wọ́n ti pàṣẹ fún dátábéèsì náà pé ìbéèrè tó bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kó gé e dànù, kó má baà dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Àwọn tó gé dànù ni mo ń wò. Ìbéèrè àkọlé pupa ni gbogbo wọn. Lọ́sàn-án, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ní nǹkan bí àkókò kan náà, wọ́n ń já lulẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo bi ọkùnrin náà pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní àkókò yẹn. Ó ronú, ó sì ní kò sí nǹkan kan, pé ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rọ máa ń sinmi.

"Everybody dey chapel that time," ló wí. "Nobody dey touch system."

Ìsìn àárọ̀ ló ń sọ. Ilé ìwòsàn ìjọ ni, wọ́n a máa kọrin, wọ́n a máa gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kù síta nìkan ni ẹni tí aláìsàn rẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀. Èmi tún wo ohun tó wà níwájú mi. Bí kò bá sí ẹni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní àkókò yẹn, ta ló ń béèrè? Kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà. Ọkùnrin náà sáré jáde kí ẹ̀rọ rẹ̀ má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ ní àkókò àlejò ti tán. Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá mi kọjá kí n kí i, oògùn ìrora ti mú oorun kùn ún, ó kàn di ìka mi mú. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Amechi, mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, oorun náà ò dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà lẹ́nu géètì kí àwọn ọlọ́kpà tó tú ẹrù tán. Nọ́ọ̀sì àná ló tún wà nídìí kọ̀ǹpútà. Mo kí i, mo sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìní ohun kan lọ́kàn ju pé kí n béèrè bí ìyá mi ṣe sùn. Ó ṣí ojú-ewé ìyá mi. Kò dúró dè é. Ó ṣí ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ṣí ti ẹ̀kẹta, ó ṣí ti ẹ̀kẹrin, títí ó fi ṣí ti gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù, gbogbo wọn to ara wọn sókè ojú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ń yí róbótó. Agogo ìsìn dún, ó dìde, ó mú ìwé orin rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọgbọ́n tí àwọn ń dá sí i nìyẹn, pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń ṣe é.

"Aunty, before we pray finish, everything don open."

Ó yé mi. Bí ènìyàn ṣe máa gbé ẹ̀wà kaná kó tó lọ wẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ojú-ewé kaná kí wọ́n tó lọ gbàdúrà. Kò sì sí ẹni tó sọ fún ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà, nítorí kì í ṣe ẹ̀sùn, ọgbọ́n ni. Ẹjọ́ nìkan ni ènìyàn máa ń gbé wá síwájú ẹni tó ń tún nǹkan ṣe. Gbogbo wọ́ọ̀dù, gbogbo bẹ́ẹ̀dì, lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ń rán ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ sọ́jà lọ bọ̀, ìbéèrè àkọlé pupa sì wà lẹ́yìn pátápátá. Àwọn ló ń béèrè. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n àwọn ló ń béèrè.

Mo lọ bá ọkùnrin náà ní yàrá ẹ̀yìn. Ìjọ mìíràn ló ń lọ, kì í sì í bá wọn ṣe ìsìn àárọ̀. Mo sọ fún un, a sì jọ ń wò ó bí àwọn ìbéèrè ṣe ń wọ́ jọ tí ẹ̀rọ sì ń gé wọn. Orin ń ti ilé ìsìn wá, orin tí èmi náà mọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè Ígbò. Ìgbà náà ni mo bi í ní ìbéèrè tí iná tó lọ lánàá kò jẹ́ kí n bi í: bí wọ́n bá gé ìbéèrè àkọlé pupa dànù, kí ni nọ́ọ̀sì máa rí lójú-ewé? Kò mọ̀. A ṣí ètò náà, a wá ibẹ̀ kàn, a jọ kà á. Ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi ọ̀rọ̀ àṣìṣe dààmú àwọn nọ́ọ̀sì. Ó kọ ọ́ pé bí èsì kò bá dé, kó fi àyè náà sílẹ̀ ní òfìfo. Òfìfo kan náà sì ni ẹni tí kò ní ìṣòro kankan máa ń ní.

Ọkùnrin náà wo ojú mi. Orin ti dákẹ́ nílé ìsìn tipẹ́, a kò fura. Ariwo àga tí wọ́n ń tì pàápàá ti tán.

Mo sáré. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún, bàtà mi ń yọ̀. Bí mo ṣe dé ìdí kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀sì ti kúrò níbẹ̀. Ojú-ewé ìyá mi ló wà lójú kọ̀ǹpútà, kò yí róbótó mọ́, ó ti parí. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Ibi tí èmi tìkára mi ti ka lẹ́tà pupa lẹ́ẹ̀mejì funfun báláú, ó mọ́ tónítóní. Àwo tí wọ́n máa ń to abẹ́rẹ́ sí ti kúrò lórí tábìlì. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, mi ò ní orúkọ tí mo lè pè é títí dòní.

Ohùn ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Àṣà kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ gbàdúrà kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì a sì dúró tì í. Wọ́n ti ní kí ìyá mi gbàdúrà. Oògùn ìrora mú ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ń fà á ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀rọ̀ kan á jáde, yóò sinmi, òmíràn á jáde. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà Ninth Mile. Nọ́ọ̀sì náà kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó dá àgbàlagbà dúró. Ó dúró, ó di ojú, ó gbé àwo dání, abẹ́rẹ́ sì wà nínú àwo, ó ti fa oògùn sí i.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó la ojú, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní òun ti wo ojú-ewé ìyá mi nísinsìnyí, pé ó dá ṣáká, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Aláìsàn tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ láti àná pọ̀, ojú-ewé ló fi ń rántí.

"E no clear," mo wí. "E never finish."

Ìyá mi kò la ojú. "Àjọkẹ́," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "mi ò tíì ṣe Àmín."

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò sì nù ún. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti dé sẹ́nu ọ̀nà. Kò bi mí léèrè púpọ̀. Mo rò pé ojú mi ló kà. Ó gba àwo lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó gbé e sílẹ̀ jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ní kí gbogbo wa lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tún ojú-ewé ìyá mi ṣí, òun nìkan ṣoṣo lọ́tẹ̀ yìí. Róbótó ń yí. A dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ̀ òfurufú kan kọjá, gíláàsì gbọ̀n. Lẹ́tà pupa náà yọ. Nọ́ọ̀sì náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì lọ da oògùn inú abẹ́rẹ́ náà nù.

Abẹ́rẹ́ mìíràn ni wọ́n gún fún ìyá mi. Iṣẹ́ abẹ náà lọ déédéé. Lọ́sàn-án, nígbà tí ó ti ń sùn tí mo sì ń ka èémí rẹ̀, ọ̀gá nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ti pàṣẹ fún gbogbo wọ́ọ̀dù pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú-ewé sílẹ̀ lọ sí ìsìn mọ́, kí wọ́n sì máa fi ẹnu bi aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ kí wọ́n tó gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó di okùn rẹ̀ mú.

"Láti ìgbà wo ló ti ń rí báyìí?" ló bi mí.

Mo sọ òtítọ́ fún un, pé kò ní ọjọ́ kan pàtó. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí aláìsàn ṣe ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rọ gé ìbéèrè àkọlé pupa dànù fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó lè mọ ọjọ́ náà. Ó bi mí bóyá ẹ̀rọ náà lè sọ ojú-ewé ta ni wọ́n gé àkọlé rẹ̀ dànù. Mo ní ti àìpẹ́ yìí ni ó lè sọ, pé àwọn ti ìgbà ọyẹ́ èṣí ti pa rẹ́. Ó mi orí. Ó wo ojú fèrèsé, ibi tí kò ti sí ohun tí a lè rí ju eruku lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé obìnrin kan wá lọ́dún èṣí, lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, iṣẹ́ abẹ kékeré ló wá ṣe, wọn kò tíì gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ tí ó fi kú. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ni. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ó lè jẹ́ ọkàn rẹ̀ ni lóòótọ́, mà," mo wí.

"Ó lè jẹ́," ló dáhùn. Ó dá awò ojú rẹ̀ padà sójú.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, èmi àti ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ náà. A ṣe atọ́ka tí wọn kò ṣe, a kó gbogbo ìbéèrè jọ sójú kan kí wọ́n máa lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan péré, àkọlé pupa ni a sì fi ṣáájú gbogbo nǹkan. A tún fi ọ̀rọ̀ kan sí àyè tó máa ń ṣófo, pé bí èsì kò bá dé, kó kọ ọ́ gàdàgbà pé a kò tíì mọ̀. Ojú-ewé náà ń ṣí kíákíá lẹ́yìn náà débi pé nọ́ọ̀sì náà rò pé a ti ra ẹ̀rọ tuntun. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Èmi náà yọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn kọjá, mi ò lè wo bẹ́ẹ̀dì náà.

Ìyá mi fi ọ̀pá rìn, ó tún ná ọjà ní Gariki, ó lo ọdún díẹ̀ sí i kó tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ní Amechi láìjí mọ́. Mi ò bá a jà lórí àdúrà mọ́ títí ó fi lọ. Níbi iṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé mo le jù, nítorí mi ò fi ojú fo òfìfo kankan. Ojú-ewé tó ń falẹ̀ kò bà mí lẹ́rù. Ó kúkú ń sọ fún ẹ pé òun kò tíì dé. Èyí tó mọ́ tónítóní láìtíì dé ni mo ń bẹ̀rù, nínú kọ̀ǹpútà àti lójú ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ní kò sí nǹkan kan, mo máa ń bi í bóyá ó ti dé tán.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni ohun tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì sọ fún mi kẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti jáde. Ó ní òun fúnra òun ló dúró ti obìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní wọ́n ní kó gbàdúrà, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fẹ́ fi àkókò wọn ṣòfò. Ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó ní Ọlọ́run mọ ìyókù, ó ṣe Àmín, ó sì na apá rẹ̀ fún abẹ́rẹ́.